Tag Wo Ló Yẹ Ìjápọ̀ Atọ́nà? Àlàyé lórí HTML fún Àkójọ Ìwé Elédè Méjì, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Onigbolo

1. Ohun tí ìwé yìí dá lé

Ní ìsàlẹ̀ ojúewé púpọ̀ lórí ayélujára, a máa ń rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan: Ìṣáájú, Àkójọ, Èyí tó kàn. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan nínú wọn yóò padà sẹ́yìn, tàbí kó lọ sí ibi tí a to gbogbo ìwé sí, tàbí kó tẹ̀síwájú. Ìjápọ̀ atọ́nà ni mo pè wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: tag HTML wo ló yẹ kí a fi kọ wọ́n? Ṣé ìpínrọ̀ ni wọ́n, ṣé àkójọ ni, àbí wọ́n ní orúkọ tiwọn?

Ó lè jọ ìbéèrè àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń kó ìtàn ìlú, oríkì àti orúkọ ibi jọ ní èdè Yorùbá àti ní Faransé máa ń sọ pé a fẹ́ kí àwọn tó ni ìtàn náà lè kà á. Lára wọn ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì wà, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tó ń fi etí kàwé, àti ẹni tó ń fi fóònù kékeré kà á, tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀nà inú ojúewé bá dí mọ́ wọn, ìtàn tí a kọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, bó ti wù kó dára tó.

Àpẹẹrẹ tí n óo lò ni àkójọ ìwé nípa ẹkùn Plateau ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí ojúewé kan wà fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ojúewé tí a óo dúró lé lórí ni ti Onigbolo, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀. Mo kọ orúkọ àwọn ìlú bí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń kọ wọ́n. Ìdí rẹ̀ yóò hàn ní ìsọ̀rí keje.

2. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́

Ẹni tó ríran máa ń mọ ìjápọ̀ atọ́nà láti ibi tí wọ́n wà. Wọ́n to ara wọn sí ìlà kan, àwọ̀ wọn yàtọ̀, àlàfo wà láàárín wọn àti ọ̀rọ̀ ojúewé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ló sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran ń lo ẹ̀rọ akàwé, ìyẹn ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù sókè. NVDA jẹ́ ọ̀kan tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows. TalkBack wà fún fóònù Android. VoiceOver wà nínú ẹ̀rọ Apple. Ẹ̀rọ akàwé kì í wo àwọ̀ tàbí àlàfo. Orúkọ tí a fún nǹkan nínú HTML ló ń kà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni tag: iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe lójú ewé la ó wò kí a tó fún un ní tag, kì í ṣe bí a ṣe fẹ́ kó rí lójú. Ìrísí ní ibi tirẹ̀, ìyẹn CSS. Tí a bá pe àkọlé ní h1 tàbí h2, ẹ̀rọ akàwé yóò sọ pé àkọlé ni, òǹkàwé yóò sì lè fò láti àkọlé kan sí èkejì. Tí a bá kàn fi div yí i ká, tí a sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ojú yóò rí àkọlé, etí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán. Div kò ní ìtumọ̀ kankan. Àpótí tí a kò kọ nǹkan sí lára ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí èyí ń fà. Ká ní ìjápọ̀ 12 wà lókè ojúewé kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ wa. Ẹni tó bá ka ojúewé 20 ti bá ìjápọ̀ 240 pàdé kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ríran fi ojú fò wọ́n láìmọ̀. Ẹni tó ń fi etí kàwé kò lè fò wọ́n àyàfi tí a bá ti sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí sí.

3. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe ṣe é

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Nínú HTML 2.0, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, tag méjì kan wà, menu àti dir, tí wọ́n ṣe fún àkójọ kúkúrú. Ìgbà tí HTML 4.0 dé ní ọdún 1997, wọ́n ní ká fi méjèèjì sílẹ̀, ká máa lo ul tó wà fún àkójọ gbogbo. Ṣùgbọ́n ul máa ń gbé àmì róbótó síwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ìrísí yẹn, nítorí náà wọ́n to ìjápọ̀ wọn sínú ìpínrọ̀ kan tàbí sínú tábìlì, wọ́n sì fi igi òòró yìí, |, dá wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Igi òòró yẹn ní ìdí tirẹ̀. Ìlànà WCAG àkọ́kọ́, tí àjọ W3C gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, sọ pé kí a fi àmì kan tí kì í ṣe ìjápọ̀ sáàárín ìjápọ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, nítorí pé ẹ̀rọ akàwé ìgbà náà lè ka ìjápọ̀ méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Ìlànà náà sọ ọ́ kedere pé fún ìgbà díẹ̀ ni, títí ẹ̀rọ yóò fi gbọ́n sí i. Ẹ̀rọ ti gbọ́n láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n igi òòró ṣì wà káàkiri, ẹ̀rọ akàwé mìíràn sì ń pe orúkọ rẹ̀ sí òǹkàwé létí láàárín ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe àná ti di ìdíwọ́ òní.

Ní ìparí ọdún 2005, Ian Hickson tó ń ṣiṣẹ́ ní Google yẹ ojúewé tó lé ní bílíọ̀nù kan wò, láti mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn fún apá ojúewé wọn nínú class. Footer, menu, title, content, header àti nav wà lára àwọn tó gbilẹ̀ jù. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn tó ń kọ ojúewé ti mọ̀ pé apá wọ̀nyí wà, wọ́n sì ti ń sọ wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n aṣàwákiri kò gbọ́ orúkọ náà. HTML5, tí W3C fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2014, wá sọ àwọn orúkọ bíi header, footer àti nav di tag gidi.

4. Nav: ìgbà wo la fi ń lò ó?

Nav ni tag tó sọ pé: ọ̀nà ni apá yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúewé fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rọ akàwé bá dé ibẹ̀, yóò sọ pé ibi ìtọ́nà ni. Nínú NVDA, lẹ́tà D ń gbé òǹkàwé láti apá pàtàkì kan sí òmíràn, nítorí náà ó lè lọ sínú nav nígbà tó bá ń wá ọ̀nà, ó sì lè fò ó lọ sínú main nígbà tó bá fẹ́ kàwé.

Ṣé gbogbo ìjápọ̀ ló yẹ ká fi sínú nav? Rárá. Ìlànà HTML fúnra rẹ̀ sọ pé àkójọ ìjápọ̀ tó jẹ́ ọ̀nà pàtàkì ni nav wà fún. Ojúewé tó ní nav mẹ́jọ kò sàn ju èyí tí kò ní ọ̀kankan lọ: tí gbogbo ibi bá jẹ́ oríta, oríta ò ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Ìjápọ̀ inú gbólóhùn, bíi kí a tọ́ka sí ojúewé Sakété láàárín ìtàn Onigbolo, kò nílò nav. Àwọn ìjápọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá bí àdírẹ́sì àti àṣẹ ìlò, footer ti tó wọn.

Tí nav bá ju ẹyọ kan lọ, a gbọ́dọ̀ sọ wọ́n lórúkọ kí òǹkàwé lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Aria-label la fi ń ṣe é. Fún àpẹẹrẹ, a lè pe ọ̀kan ní "Gbogbo ibùdó", ká pe èkejì ní "Ojúewé tó yí èyí ká". A kò ní kọ "nav" tàbí "ìtọ́nà" sínú orúkọ náà, nítorí pé ẹ̀rọ yóò ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, yóò wá di àsọtúnsọ.

5. Ul tàbí ol: ọ̀rọ̀ ètò

Nínú nav, àkójọ ló sábà máa ń wà. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ akàwé yóò sọ iye ohun tó wà nínú àkójọ, òǹkàwé yóò sì mọ̀ bóyá mẹ́ta ni tàbí ọgbọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, tí CSS bá kọ̀ tí kò wọlé nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì kò lágbára, àkójọ yóò ṣì wà létòlétò, kò ní rún pọ̀.

Àkójọ méjì ló wà: ul, tí ètò rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, àti ol, tí ètò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ọ̀nà tí mo fi ń yàn láàárín wọn rọrùn: mo máa ń bi ara mi pé, bí mo bá pààrọ̀ ipò ohun méjì nínú rẹ̀, ṣé irọ́ ni mo ti pa? Ẹkùn Plateau ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún: Adja-Ouèrè, Ifangni, Kétou, Pobè àti Sakété. Bí mo bá fi Sakété ṣáájú, òótọ́ ni mo ṣì sọ. Ul ló yẹ é.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó jáde láti Porto-Novo lọ sí àríwá: Sakété ni a ó kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Pobè, lẹ́yìn náà Kétou. Bí mo bá fi Kétou ṣáájú Sakété, mo ti ṣi ẹni tó ń rìnrìn-àjò lọ́nà. Ol ló yẹ é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà kékeré tó máa ń wà lókè ojúewé, tó ń fi ibi tí a wà hàn láti ńlá dé kékeré: Plateau, Pobè, Issaba, Onigbolo. Onigbolo wà nínú Issaba, Issaba wà lábẹ́ Pobè, Pobè wà nínú Plateau. Ètò náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe lè kọ ọ́ nìyí:

<nav aria-label="Ibi tí o wà">
  <ol>
    <li><a href="plateau.html">Plateau</a></li>
    <li><a href="pobe.html">Pobè</a></li>
    <li><a href="issaba.html">Issaba</a></li>
    <li><a href="onigbolo.html" aria-current="page">Onigbolo</a></li>
  </ol>
</nav>

Aria-current="page" ń sọ fún etí ohun tí lẹ́tà dúdú kirikiri ń sọ fún ojú: ibí yìí lo wà báyìí. Ọfà tàbí igi tí a fẹ́ rí láàárín àwọn orúkọ náà, CSS ni kó fi wọ́n síbẹ̀.

6. Ìṣáájú, Àkójọ, Èyí tó kàn

Ibí ni iyàn wà. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni mo rí nínú àwọn tó ń jiyàn lórí ìjápọ̀ mẹ́ta yìí.

Àwọn kan ní ìpínrọ̀ ti tó, pé ìjápọ̀ mẹ́ta kò pọ̀ tó láti pè ní àkójọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ìlànà HTML kò sọ pé dandan ni kí àkójọ wà nínú nav, ó gbà kí a kọ gbólóhùn síbẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó so mọ́ra wọn, a kì í sì í ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí tẹ̀ léra wọn bí gbólóhùn. Ọ̀kan la ń mú nínú wọn.

Àwọn kejì ní ul ni kó jẹ́, nítorí pé ohun mẹ́ta tó jọra la tò. Àwọn kẹta ní ol ni, nítorí pé ìṣáájú ń bọ̀ kí èyí tó kàn tó dé. Èmi fara mọ́ ul. Ètò tó wà láàárín àwọn ojúewé kò sí láàárín ìjápọ̀ mẹ́ta yìí. Bí mo bá kọ "Èyí tó kàn" ṣáájú "Ìṣáájú", kò sí irọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ ibi tó ń lọ. Àkójọ gbogbo ìwé, èyí tó ní nọ́ńbà láti ìkíní dé ìkẹyìn, ni ol yẹ.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí n fi ul náà sínú nav. VoiceOver nínú Safari kì í pe ul ní àkójọ mọ́ tí a bá ti fi CSS yọ àmì róbótó rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n tí ul náà bá wà nínú nav, ó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀:

<nav aria-label="Ojúewé tó yí èyí ká">
  <ul>
    <li><a rel="prev" href="pobe.html">Ìṣáájú: Pobè</a></li>
    <li><a href="akojo.html">Àkójọ gbogbo ibi</a></li>
    <li><a rel="next" href="ketou.html">Èyí tó kàn: Kétou</a></li>
  </ul>
</nav>

Rel="prev" àti rel="next" ń sọ bí ojúewé méjì ṣe bára wọn tan. Ní ọdún 2019, Google kéde pé òun kò lò wọ́n mọ́ láti to ojúewé pọ̀ nínú àwárí òun. Mo ṣì ń kọ wọ́n, nítorí pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n wà nínú ìlànà, wọn kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ retí pé wọn yóò gbé ojúewé rẹ̀ ga ní Google.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ "Ìṣáájú" nìkan. Mo fi orúkọ ibẹ̀ kún un. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ akàwé lè ní kí ó to gbogbo ìjápọ̀ ojúewé náà jọ fún òun. Bí mẹ́wàá nínú wọn bá jẹ́ "Tẹ ibí" tàbí "Ka sí i", kò mọ èyí tí yóò yàn. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí ọ̀nà ń lọ.

7. Èdè méjì àti àmì ohùn

Àkójọ elédè méjì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ojúewé Yorùbá gbọ́dọ̀ ní lang="yo" lórí tag html rẹ̀, ti Faransé sì gbọ́dọ̀ ní lang="fr". Ìjápọ̀ tó ń gbé òǹkàwé láti èdè kan sí èkejì gbọ́dọ̀ wà ní èdè tó ń lọ:

<a href="/fr/onigbolo.html" hreflang="fr" lang="fr">Français</a>

Hreflang sọ èdè ojúewé tí a ń lọ. Lang sọ èdè ọ̀rọ̀ tí a ń kà nísinsìnyí, kí ẹ̀rọ lè yí ohùn padà. Ẹni tó gbọ́ Faransé nìkan ni yóò tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ní Faransé ló yẹ ká kọ ọ́. Kí a má fi àsíá dípò orúkọ èdè. Àsíá ta la ó fi ṣe ti Yorùbá? Ti Bẹ̀nẹ̀ ni, ti Nàìjíríà, tàbí ti Tógò? Èdè náà wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká kọ "Yorùbá", ó parí.

Ìṣòro tó fara sin jù wà nínú àmì ohùn. Ìjápọ̀ lè lọ sí apá kan nínú ojúewé nípa id tí a fún apá náà. HTML5 gbà kí id ní lẹ́tà èyíkéyìí, kó ṣáà má ní àlàfo nínú. Ẹnì kan lè wá rò pé kí òun kọ id="iṣẹ́". Ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ́ yìí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti kọ ọ́ nínú Unicode: ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ (U+1EB9) pẹ̀lú àmì òkè (U+0301), tàbí é tó ti ní àmì òkè (U+00E9) pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ (U+0323), tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Aṣàwákiri mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí pé nọ́ńbà ló ń fi wé nọ́ńbà. Bí ẹni tó kọ id bá lo kíbọọ̀dù kan, tí ẹni tó kọ ìjápọ̀ sì lo òmíràn, ìjápọ̀ yóò kú, kò sì sẹ́ni tí yóò rí àṣìṣe lójú ìwé. È inú Pobè pàápàá ní ọ̀nà méjì. Àti pé àlífábẹ́ẹ̀tì èdè ìbílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ níbi tí ti Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan náà lè ní àkọtọ́ méjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ id àti orúkọ fáìlì pẹ̀lú lẹ́tà lásán: id="ise", pobe.html. Inú ẹ̀rọ ni ìyẹn wà. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ń rí tàbí ń gbọ́ gbọ́dọ̀ ní gbogbo àmì rẹ̀, nítorí pé etí tó gbọ́ Yorùbá kò lè gba ọkọ̀ dípò ọkọ. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí n lo àkọtọ́ ìjọba fún orúkọ ìlú nínú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí: ẹni tó ń wá ibẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ tàbí ìwé ìjọba yóò rí i bí a ṣe kọ ọ́. Àkọtọ́ Yorùbá rẹ̀ lè wá nínú ọ̀rọ̀ ojúewé.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo dábàá kò pọ̀. Fi ọ̀nà pàtàkì sínú nav, kí ó má pọ̀ jù, kí o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó bá ju ẹyọ kan lọ. Nínú rẹ̀, lo ol níbi tí pípààrọ̀ ipò yóò ti sọ òótọ́ di irọ́, kí o lo ul níbi tí kò ti ní ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ ibi tí ìjápọ̀ ń lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yọ igi òòró kúrò. Sọ èdè ojúewé. Má fi àmì ohùn sínú id.

Kò sí èyí tó nílò owó tàbí ètò tuntun. Ẹni tó bá lè ṣí fáìlì HTML lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí mo sì dá lábàá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ìwé jáde nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni pé kó tan TalkBack lórí fóònù rẹ̀, kó di ojú, kó gbìyànjú láti lọ láti ojúewé Pobè dé ti Onigbolo, kó sì padà. Bí kò bá lè débẹ̀, ojúewé náà kò tíì ṣetán.